Sálúbàtà Lẹ́sẹ̀ Àpáta

Bí mo bá rí sálúbàtà tí ẹnìkan bọ́ sílẹ̀ níbi tí kò séèyàn, àyà mi á já. Ìyá bàbá mi ni mo máa ń rántí.

Nígbà tá a kó kúrò lórí òkè wá sísàlẹ̀ Ìdànrè, màmá ò jáwọ́ nínú gígun òkè. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, á rìn dé ẹsẹ̀ àpáta, á bọ́ sálúbàtà rẹ̀ síbẹ̀, á fẹsẹ̀ lásán gòkè. Ó máa ń sọ pé, "Àtẹ́lẹsẹ̀ ló mọ ibi tí àpáta ti ń yọ̀. Ẹsẹ̀ tí ò bá sì rìn lónìí, yóò béèrè ọ̀pá lọ́la."

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. Ọ̀sán pọ́n, màmá ò dé. Èmi àti bàbá mi sáré lọ. A bá sálúbàtà náà níbẹ̀, ó rin gbingbin. Bàbá mi pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. La bá fi ìbẹ̀rù gun àpáta tàwa ti bàtà lẹ́sẹ̀. A ò tíì dé ìdajì tí ẹsẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. A lẹ̀ mọ́ òkúta bí ọmọńlé. A ò lè gòkè, a ò lè sọ̀.

Ìgbà náà la gbọ́ ohùn màmá lókè orí wa:

"Ẹ bọ́ bàtà yẹn dànù. Ṣé èmi lẹ wá gbé sọ̀kalẹ̀?"