Adúmáadán àti Awẹ́lẹ́wà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Kíkẹ́ jẹ́, ẹ má ṣe bi àwọn obìnrin tó ń dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn léèrè. Wọn yóò purọ́ fún yín. Wọn yóò ní onísùúrù ni. Onísùúrù tó jẹ́ pé bí ẹ̀rín bá pa á, á fi orí oníirun sílẹ̀ ní ìlàjì, á di ikùn mú, á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, tí ẹni tó jókòó sílẹ̀ á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n gbé orí báyìí lọ sọ́jà."

Ọmọ Komu ni, àárín oko iṣu àti ọkà bàbà ló dàgbà sí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń bá a ṣàwàdà kì í tètè mọ̀ nípa rẹ̀: ayé ṣì ń yà á lẹ́nu. Nígbà kan tí òjò yìnyín rọ̀ ní Komu, tí gbogbo ènìyàn ń ju yìnyín sẹ́nu, Kíkẹ́ di tirẹ̀ mú sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó títí ó fi yọ́ tán, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kíkẹ́ tí kì í dákẹ́!

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde 1988 ló fẹ́ Olúkúnlé, olùkọ́ ìṣirò kan ní Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin gíga, tínrín, tí ojú rẹ̀ le ní kíláàsì bí ojú adájọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé bó bá ti délé, tó bọ́ ṣòkòtò iṣẹ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń jókòó sí níwájú tẹlifíṣọ̀n, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta díẹ̀, á máa fò láti orí òkúta dé orí òkúta láìkúrò lójú kan.

Ẹ̀rọ géèmù méjì ló wà nílé ọkọ Kíkẹ́. Ọ̀kan dúdú, ó ní igi pẹlẹbẹ níwájú bí rédíò àtijọ́. Átárì ni. Florence, ẹ̀gbọ́n Olúkúnlé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣakí, ló gbé e bọ̀ nígbà tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì fi í sílé bàbá wọn nítorí pé kò ní tẹlifíṣọ̀n ní Ṣakí. Èkejì ní àwọ̀ eérú, Nintẹ́ńdò ni. Olúkúnlé rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó máa ń gba ẹnubodè kó ọjà wọlé nínú àpò ìrẹsì. Ẹ̀rọ méjì, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ní pálọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, Kíkẹ́ tọ́ka sí ẹ̀rọ méjèèjì, ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè wọ́n?"

Bàbá ọkọ rẹ̀, Bàbá Florence, yọ pákò lẹ́nu. "Ìyàwó, ṣọ́ra o. O ò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. O bá wọn nílé ni."

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní àná ọjọ́ tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni; orúkọ dídùn kan ni yóò wá fún un. Àwàdà ni bàbá ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá Kíkẹ́ ṣàwàdà, kó ti jẹun dáadáa. Kíkẹ́ kúnlẹ̀ gbọnrangandan níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹrí ba fún ẹ̀rọ dúdú.

"Adúmáadán ọkọ mi, ẹ kú ilé o." Ó yíjú sí èkejì. "Awẹ́lẹ́wà ọkọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó yín ti dé o, kí lẹ máa jẹ?"

Pákò bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún pe àwọn ẹ̀rọ náà ní orúkọ tí òyìnbó sọ wọ́n mọ́ nínú ilé yẹn.

Adúmáadán ni Olúkúnlé kọ́kọ́ tàn fún un. Igbó kan yọ. Lókè igbó náà, ojú ọ̀run pọ́n bí ojú ọ̀run ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó, àwọ̀ kan lórí àwọ̀ mìíràn. Ọkùnrin kan tí kò tó hóró ẹ̀wà ń sáré nísàlẹ̀. Kòtò dé, ó fò ó. Ó dé etí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo rẹ̀ bá pòórá, igbó mìíràn dé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Igbó àkọ́kọ́ ńkọ́?" ni Kíkẹ́ bi í.

"Ó ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

Kò tíì sẹ́ni tó bi olùkọ́ ìṣirò nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá yọ wáyà ti Adúmáadán, ó ki ti Awẹ́lẹ́wà bọ ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kékeré mìíràn yọ lórí koríko. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Kíkẹ́ ń retí pé yóò dé etí, kí gbogbo rẹ̀ pòórá. Kò dé etí. Ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Igi kan yọ díẹ̀díẹ̀ láti apá ọ̀tún, ó rìn kọjá, ó wọlé sí apá òsì. Òkè kan tẹ̀ lé e. Afárá kan tẹ̀ lé òkè, pákó pákó, ó dúró lófuurufú láìsí òpó.

Kíkẹ́ gbé ọwọ́ lé orí. Ara rẹ̀ rántí mọ́tò tó gbé e láti Komu lọ́jọ́ ìyàwó, bí igi emi àti igi irú ṣe ń yọ níwájú, tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó wá kí i tó ń padà sílé. Ó dìde, ó rọra yí lọ sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó sì wo ibẹ̀.

"Kí lò ń wá?"

"Ilẹ̀ tó kù," ni ó wí. Kò ṣàwàdà.

Láti ìgbà yẹn, bí ó bá ti parí irun tó kẹ́yìn, géèmù ló kù. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn méjèèjì wé ara wọn bí ìyàwó ṣe ń fi àwọn àbúrò ọkọ wé ara wọn nínú ọkàn rẹ̀ láìsọ síta. Ti Adúmáadán, bí o bá ti fò, o ti fò nìyẹn, bí òkò tó ti kúrò lọ́wọ́. O lè kábàámọ̀ lókè lọ́hùn-ún, kò sí ohun tí o lè ṣe. Ti Awẹ́lẹ́wà, o lè fò tán kí o tún èrò pa lójú afẹ́fẹ́, kí o yí padà, kí o wá ibòmíràn sọ̀ sí. Bí o bá fi ọwọ́ kan bọ́tìnì fẹ́rẹ́, ó fò kékeré. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fò dé ibi tí àyà rẹ yóò fi já. Kíkẹ́ máa ń sọ fún àwọn oníirun rẹ̀ pé, "Ẹni tó ṣe nǹkan yìí ti jábọ́ láti orí igi rí. Ó mọ̀ ọ́n lára."

Ní ọdún Kérésì, Florence dé láti Ṣakí pẹ̀lú ohùn rẹ̀, èyí tó máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni Kíkẹ́ ń pè é. Wákàtí yẹn gan-an ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

"Wo ojú ọ̀run tèmi, Kúnlé! Wo bí ó ṣe pọ́n! Tìẹ dà bí ògiri tí akunlé kùn."

"Àǹtí, ṣé ojú ọ̀run lẹ fẹ́ máa wò ni, àbí ẹ fẹ́ fò?"

"Láti Lọ́ńdọ̀nù ni tèmi ti wá. Inú àpò ìrẹsì ni wọ́n ti yọ tìẹ."

"Ẹ gbá tèmi wò lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kí n fọwọ́ kan nǹkan àpò ìrẹsì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń jà ni wọ́n ń yọ wáyà, tí wọ́n ń kì í, títí ihò tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n fi gbò. Wọ́n pe Ràsáàkì tó ń tún rédíò ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Mo ti fi òjé jó o pọ̀. Ẹ yan ọ̀kan, kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tún yọ ọ́, tí ẹ tún kì í, tẹlifíṣọ̀n yín di àpótí aṣọ nìyẹn."

Bàbá Florence ní ọ̀rọ̀ ti parí: ọ̀kan yóò dúró, èkejì yóò wọ inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. "Kíkẹ́ ni kó dájọ́. Òun ló dé kẹ́yìn."

Florence bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá! Ìyàwó Kúnlé ni yóò dájọ́ láàárín èmi àti Kúnlé? Ẹ kúkú ti gbé tèmi wọnú àpótí."

Ẹ wá wo wàhálà tí Kíkẹ́ wà. Awẹ́lẹ́wà ni ó fẹ́ tọkàntọkàn. Kò tíì rí òpin ilẹ̀ yẹn. Gbogbo ìgbà tí ó bá kọjá odò kan ni òkè mìíràn ń yọ tí ojú rẹ̀ kò rí rí. Kí wọ́n gbé gbogbo ilẹ̀ yẹn wọ àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ òtítọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà pé òtítọ́ ni. Wọn yóò ní ọkọ rẹ̀ ló gbè. Florence yóò sì máa fi ojú yẹn wò ó títí ayé, ojú tí nọ́ọ̀sì fi ń wo ẹni tó ní òun ti lo oògùn òun.

Gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án, ọyẹ́ ti mú ètè wọn gbẹ. Kíkẹ́ kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ Florence.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọkọ mi, mi ò ní dájọ́."

"O sì gbọ́n," ni Florence wí.

"Ẹ̀yin lẹ máa dá a."

"Èmi? Èmi tí mo ni Adúmáadán?"

"Ẹ̀yin náà. Ẹ gbá Awẹ́lẹ́wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi afárá. Bí ẹ bá dìde níbẹ̀ tí ẹ ní kò dára, èmi fúnra mi ni màá gbé e wọ àpótí, màá sì jókòó lé e lórí."

Olúkúnlé fẹ́ sọ̀rọ̀, Kíkẹ́ fi ojú pa á lẹ́nu mọ́. Bàbá ní, "Ó tọ́. Florence, ta ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Florence gba pádì, ohun ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí géèmù, bí ẹni gba èkúté lọ́wọ́ ológbò. Ó rìn. Ó ṣubú sínú kòtò, ó ní, "Ẹ ò rí i?" Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí igi àkọ́kọ́ yọ, tó rìn kọjá, ó na ọrùn tẹ̀ lé e. Nígbà tí òkè yọ, ó fa àga súnmọ́ iwájú. Ó fò, ó rí i pé òun yóò ṣubú, ó tẹ̀ ẹ́ padà lókè, ọkùnrin kékeré náà yí lójú afẹ́fẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Florence alára fò lórí àga. Ìborùn rẹ̀ bọ́, kò mú un.

"Ó gbọ́ mi," ni ó wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Mo ní kó padà, ó gbọ́."

Ó dé afárá. Àwọn pákó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú òfìfo, wọ́n ń wá pàdé rẹ̀. Bàbá Florence, tó ti ní géèmù jẹ́ ìṣòfò iná, ti dìde dúró láìmọ̀. Kíkẹ́ kò tilẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ojú Florence ló ń wò, nítorí pé ohun tó ṣe òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ń rí níbẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé bí ó ṣe máa ń rí lójú ènìyàn nìyẹn.

Oúnjẹ tutù. Florence kò fi pádì sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó gbé e kalẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Ó dáa. Mo gbà. Ojú ọ̀run tèmi ló dára jù, ẹ má bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí… èyí wà láàyè."

"Àǹtí!" Olúkúnlé fò dìde. "Awẹ́lẹ́wà ló dúró nìyẹn!"

"Dúró síbo?" ni Florence wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n sí Ṣakí. Awẹ́lẹ́wà ni màá gbé lọ. Ẹ di Adúmáadán mú síhìn-ín. Kúnlé, àbí ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè yá nǹkan rẹ ni?"

Kúnlé wo bàbá rẹ̀. Bàbá wo òrùlé. Florence wá yíjú sí Kíkẹ́: "Ìyàwó mi, ṣé ó burú?"

Kí ni ìyàwó fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀? Kíkẹ́ ló lọ wá ìró tó fi wé e, òun ló ká wáyà rẹ̀, òun ló gbé e dé ẹnu mọ́tò. Ó ju ọwọ́ sí Florence títí mọ́tò fi yí kọ́nà, ó wá jókòó sórí àpáta ẹnu ọ̀nà. Ẹnu tirẹ̀ ló fi polówó ohun tó fẹ́ràn jù, tí oníbàárà sì gbé e lọ.

"Bí mo bá mọ̀," ni ó sọ fún Olúkúnlé, "ǹ bá ní kó má dára tó bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn ọdún tuntun, awakọ̀ kan tó ń ná Ṣakí ya ibi tí Kíkẹ́ ti ń dirun. Ìdààmú wà lójú rẹ̀.

"Ìyàwó, nọ́ọ̀sì ní kí ẹ wá ní Sátidé. Ó ní afárá kan ń já lẹ́sẹ̀ òun, pé òun ti kú síbẹ̀ láìníye. Mo ní afárá wo? Mo gba títì yẹn kọjá láàárọ̀ yìí, kò sí afárá tó já! Ó ní kí n sáà jíṣẹ́. Ṣé ara nọ́ọ̀sì yá?"

Kíkẹ́ ti fi orí oníirun sílẹ̀ ní ìlàjì. Ó ti dé pálọ̀, ó ti ń fa báàgì jáde.

"Ó ní òun kò rí i kọjá," ni ó ké sí ọkọ rẹ̀. "Ó ranṣẹ́ pè mí! Èmi!"

"Sátidé ṣì jìnnà," ni Olúkúnlé wí, ṣùgbọ́n òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí wá bàtà rẹ̀.