Ìpátá Tí Kò Ní Ìyá

Ìwé kékeré ni mo kà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí aládùúgbò mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ti ń yá mi ní ìwé ìtàn àwọn òyìnbó àtijọ́, mi ò gbádùn ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ìpátá ẹlẹ́nu dídùn. Ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀ lójú ìwé. Bí ọkùnrin rere bá wọlé, oorun á gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n kí ìpátá yẹn gun ẹṣin dé, nínú kóòtù pupa, kó tẹríba fún ìyá arúgbó, kó sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ilé á fi rẹ́rìn-ín, ojú mi á là kedere. Á gbé ọmọ ọlọ́mọ sá lọ, èmi tí mo hu ewú á sì máa gbàdúrà kí ẹṣin ẹ̀ má kọsẹ̀!

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi olóògbé, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní ẹ́sítéètì Raji Rasaki, máa ń bá mi wí: "Dádì, ẹ̀yin náà! Oníwàkiwà lẹ máa ń gbè lẹ́yìn."

"Inú ìwé ni wọ́n wà. Wọn ò lè jáde."

Ló bá sọ fún mi pé ẹnì kan tó fẹ́ fẹ́ òun ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èmi ni bàbá tó kù fún un. Bí mo bá fi í fún ẹni tí kò yẹ, kí ni mo fẹ́ wí fún bàbá ẹ̀ lọ́run?

Ọmọkùnrin náà dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì. Mo ti múra láti le koko. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn. Ó gbórí sókè díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì ní kí n dìde. Láti Mile 2 ni oòrùn ti ń yan mí bí àgbàdo. Táìlì yín yìí nìkan ló ṣàánú mi lónìí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. "Dìde, jàre!" Ká tó wí ká tó fọ̀, mo ti ní kí wọ́n gbé ohun mímu tútù tí mo pa mọ́ fún pásítọ̀ wá fún un. Mo fi fọ́tò ìgbà èwe mi hàn án, ó ní òun ò rí ìyàtọ̀.

Ìgbà náà ni àyà mi já. Ẹni inú ìwé ló jókòó sí pálọ̀ mi yìí! Mo ti ìwé tí mò ń kà lọ́wọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù.

Ohun kan ló wá sí mi lọ́kàn: nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, mi ò tíì bá ìyá ìpátá kankan pàdé. Ìpátá nìkan ló máa ń dá wọ̀lú.

Mo bi í pé, "Ìyá ẹ dà?"

"Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Apple Junction, sà."

"Mú wọn wá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá wá, ìwọ náà má wá."

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, "ẹ káàárọ̀" nìkan ni ọmọ mi ń bá mi sọ.

Nígbà tí Sọ́ńdè pé, ìyá kúkúrú kan ló ṣáájú wọlé. Kò tíì kí mi tán tó fi fa ọmọkùnrin náà létí. "Ṣé o ti fi ẹnu yẹn tan bàbá olóore yìí? Bọ̀dá mi, bó bá da ọmọ yín láàmú, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Ibo ló fẹ́ sá sí? Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun."

"Màmí, níwájú àna mi?"

"Àna wo? Wọ́n ti fún ẹ ni?" Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní pálọ̀ mi mọ́ ju ti obìnrin lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí ọmọ náà ti jogún ẹnu. Ó jókòó, ó tún ta gìrì. "Kí ló ń gún mi yìí?"

Ọmọkùnrin náà fa ìwé mi yọ lábẹ́ tìmùtìmù. "Háà, Bàbá! Ẹ̀yin náà ń kà á? Ẹlẹ́ṣin yẹn ni mo fẹ́ràn jù!"

Ìyá ẹ̀ nawọ́ mú etí kejì. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Mo ní, "Ẹ lọ kó ará ilé yín wá. A ti fún un."