Bí Tíṣà Ṣe La Ojú Kọ̀ǹpútà

Ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Ìṣirò ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òun náà wá di akẹ́kọ̀ọ́: ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò sínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì, a máa ṣe awò ojú nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn. Nígbà tó ra ẹ̀rọ tó ń gé awò, Tíṣà ló kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń darí rẹ̀.

Ètò náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lábùkù. Bí ẹ̀rọ bá ti ń gé awò báyìí, ojú kọ̀ǹpútà á dì gbagidi. Bọ́tìnnì ò ní dáhùn, nọ́ńbà ò ní yí. Bàbá Ìbejì á rò pé ó ti kú, á pa iná rẹ̀, awò á sì bàjẹ́ láàbọ̀ iṣẹ́.

Tíṣà wádìí ẹ̀ dé gbòǹgbò. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ètò náà fi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kan ló sì lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ tó ń ya ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà ló ń dúró ti ẹ̀rọ títí yóò fi gé awò tán. Ó bá fún un lọ́wọ́ kejì, tí yóò máa bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí yóò sì máa kọ ibi tíṣẹ́ dé sójú kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe wá di àtúnbàjẹ́. Ètò náà ò dì mọ́, ńṣe ló ń wó lulẹ̀. Á ju ọ̀rọ̀ pupa kan síta kó tó kú, Tíṣà á sì fi ìbínú pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ láìkà á tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tún wó. Bàbá Ìbejì, tó ń nu férémù awò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní, "Tíṣà, kí ló ń kọ síbẹ̀ yẹn gan-an?"

"Ohun tó máa ń kọ náà ni."

"Ṣáà kà á fún mi. Má kà á lóyìnbó o."

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Ó ní ọwọ́ tí ò ya ojú ibí yìí..." Ó tún un kà, díẹ̀díẹ̀. "Ọwọ́ tí ò ya ojú ibí yìí ò gbọdọ̀ kàn án."

"Ta ló wá ní kó kàn án?"

"Èmi ni." Ó ti dìde dúró. "Bàbá Ìbejì, ó ti ń sọ fún mi látọjọ́ yìí, èmi ni mo ń bò ó lẹ́nu."

Ó jókòó padà, ìka rẹ̀ ń sáré. Ọwọ́ kejì ò ní kọ nǹkan kan sójú kọ̀ǹpútà mọ́. Ohun tó bá rí, kó fi ránṣẹ́ sí ọwọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ni yóò fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nígbà tó bá ráyè.

"Fi awò sí i," ló wí.

"Èyí tó ti bàjẹ́ ni màá fi sí i," lọkọ rẹ̀ fèsì. "Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nọ́ńbà yí. Ó tún yí. Àwòrán awò náà ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, etí kan lẹ́yìn èkejì. Tíṣà tẹ bọ́tìnnì ìdúró, ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ ń bá iṣẹ́ lọ.

Bàbá Ìbejì fa àga sún mọ́ ọn. "Jẹ́ kémi náà tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, kò sì jẹ́ kí ẹni tó kọ ètò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

Bí ìyá arúgbó kan ṣe wọlé wá gba awò rẹ̀ ni ọkùnrin náà fà á wá síwájú kọ̀ǹpútà. "Mọ́mì, ẹ wá wo iṣẹ́ ìyàwó mi."

"Kọ́kọ́ gbé awò mi fún mi ná, ọmọ mi," ni ìyá fèsì, "kí n lè rí ohun tó o ní kí n wò."