Àmì Méjì Lórí Oorun

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò lówó, kò lóyè, àmọ́ tí èèrà bá rìn kọjá lórí ìwé láìní àmì ohùn, á fà á padà, á fi bírò pupa lé àmì sí i lórí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó nílé ìtẹ̀wé, tó ń yẹ iṣẹ́ wò kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá Àmì la ń pè é. Ìwé tí kò lámì, ìhòòhò ló ń pè é. "Ta ló bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ yìí?" ni yóò máa bi ẹni tó kọ ọ́.

Jíjókòó yẹn ò ṣe é lóore. Ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, àwa sì ń yìn ín pé ayé ń yẹ ẹ́. Dókítà ló sọ òótọ́: ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà sì ti ń le. Bàbá tí kò fẹnu kan ọtí rí! Dókítà ní kó dín oúnjẹ kù, kó máa rìn. Ó tún ní àwọn ń ṣèwádìí lórí mẹlatónìn, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ máa ń pèsè nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ sì máa ń lé lọ, bóyá ó lè ran irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Àyè ẹnì kan ló kù nínú ìwádìí náà. Bàbá Àmì gbá a mú bí ẹni tó ń rì gbá igi mú.

Oògùn dé pẹ̀lú bébà pélébé kan: "Lo eyo kan ki oorun to de."

"Ìhòòhò tún nìyí!" Bàbá Àmì fa bírò yọ. Ó rò ó pé oògùn tí ìmọ́lẹ̀ ń lé lọ, inú òkùnkùn ìdájí ló yẹ kéèyàn máa lò ó. Ó fàmì sí gbogbo rẹ̀, ó sì fi méjì lé orí oorun: kí oòrùn tó dé.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni Ìyá Ńlá, ìyàwó rẹ̀, wí, "ṣé kì í ṣe oorun ni wọ́n ń sọ ni?"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lámì?"

Ìyá Ńlá padà sídìí iṣẹ́ ilé tó ń ṣe.

Bó ṣe di pé aago márùn-ún ìdájí ló ń gbé oògùn mì nìyẹn. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ó ti ń hanrun lórí iṣẹ́, débi pé wọn kì í mọ̀ mọ́ bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá kú.

"Bàbá, ẹ rọra o," ni ẹlẹ́rọ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, "kẹ́ ẹ má lọ tẹ ìwé jáde lójú oorun!"

Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, títí ọ̀gá fi rí àṣìṣe mẹ́rìnlá nínú ìwé kan, tó ní kó máa lọ sinmi nílé.

Lóṣù kẹta, mo sìn ín lọ sílé ìwòsàn.

"Aago mélòó lẹ ń lò ó, bàbá?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Márùn-ún ìdájí. Kò yẹ̀ rí." Ó na bébà rẹ̀ sí i tìgbéraga-tìgbéraga.

Nọ́ọ̀sì wo àmì pupa náà títí, ó lọ pe dókítà.

"Bàbá, oorun tá à ń sùn ni," dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀bi wa ni, ó yẹ ká ti fi àmì sí i. Àmọ́ òfin ìwádìí ò gbà wá láyè. A ní láti yọ yín kúrò."

Ọkùnrin tó ti mú ọ̀jọ̀gbọ́n sunkún nítorí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo di ọwọ́ aṣọ dókítà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

"Bàbá, èmi gan-an ò mọ̀ bóyá oògùn gidi ló wà lọ́wọ́ yín. Hóró lásán la fún àwọn kan, ká lè fi wọ́n wé àwọn tó lo oògùn. Ẹ ṣáà máa rìn."

Ó rìn fọ́sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó. Lọ́dún kejì, omi kún ikùn rẹ̀, funfun ojú rẹ̀ sì dà bíi pupa ẹyin adìẹ. A sin ín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Dókítà wá kí wa. Ó ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé oògùn náà ì bá gbà á là. Ìyá Ńlá dúpẹ́, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó létí ibùsùn.

"Mo mọ̀ pé oorun ni," ó sọ fún mi. "Mo dákẹ́ kó má baà bínú. Ìbínú ọjọ́ kan ṣoṣo, ọmọ mi. Òun ni mo sá fún."