Abẹ́rẹ́ Kan Tó Kù

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí mi ò fún ní abẹ́rẹ́ fítámì K kí ìyá rẹ̀ tó gbé e lọ sílé. Fítámì yìí ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọmọ tuntun kì í ní in tó lára, kò sì pọ̀ nínú ọmú ìyá. Bí kò bá tó, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára ọmọ láìdá. Mo ti ṣàlàyé yìí débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun, ìyá tó bá sì ní wọn ò ní gún ọmọ òun, mo mọ bí mo ṣe ń fajú ro sí i.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin máa bí àkọ́bí rẹ̀, ilé wọn ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ló bí i sí. Ọmọ náà ò dúró de mọ́tò. Aládùúgbò kan ló gbẹ̀bí náà, kí n sì tó dé láti Odeda, níbi tí mo ti ń sin adìẹ báyìí, wọ́n ti wẹ ọmọ tán. Mo yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí. Mo bèèrè bóyá wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bá lọ se ọbẹ̀ ìyá ọmọ.

Ọjọ́ kẹjọ, a pé jọ sílé àwọn àna mi ní Láfẹ́nwá. Ìyá ọkọ ọmọ mi, tó ń ta aṣọ, kì í jẹ́ kí nǹkan ọjọ́ kẹjọ di ọjọ́ kẹsàn-án. Bí ààfáà bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, olóòlà á dá abẹ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá olóòlà ti to irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n di ẹsẹ̀ ọmọ mú, torí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n.

Mo tú ìtẹ́dìí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbi ìdodo rẹ̀. Mo nù ún, ó tún ń sun jáde.

“Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n fún un?” mo bi ọmọ mi.

“Mọ́mì, ọ̀kan ní apá, ọ̀kan ní itan, wọ́n sì kán tẹnu. Gbogbo ẹ̀ wà nínú káàdì.”

Mo gba káàdì. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti àrùn ẹ̀dọ̀, ti rọpárọsẹ̀. Àjẹsára ni gbogbo wọn. Fítámì K ò sí níbẹ̀, torí ibi tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni wọ́n ti ń fún un. Lójú àwọn ará ilé wa, ọmọ tí wọ́n bá ti gún, wọ́n ti gún un nìyẹn, èmi náà sì ṣe bíi tiwọn. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

“Ẹ dúró, bàbá,” mo ní. “Ẹ má fi abẹ kàn án.”

“Màmá nọ́ọ̀sì, ọjọ́ kẹjọ lòní o,” àna mi ní. “Ọmọkùnrin mẹ́rin ni mo bí, kò sí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ẹ bínú sí mi dọ̀la bó bá wù yín, màmá. Mò ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.”

Kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, mo ti gbé ọmọ.

Nọ́ọ̀sì tó gún un ní fítámì K níbẹ̀, tó sì kọ ọ́ sínú káàdì, kéré sí ọmọ mi lọ́jọ́ orí. Wọ́n dá wa dúró di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo rí i pé aṣọ tí wọ́n fi bo ìdodo rẹ̀ ti gbẹ, mo sunkún, mi ò sì fi pamọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá olóòlà padà wá. Ó jókòó, kò tíì ṣí àpò rẹ̀.

“Gbogbo ìyá ni mo máa ń bi bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì,” ó ní. “Lọ́jọ́ yẹn, mi ò bèèrè. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni ìyá ìyàwó, mo wá rò pé ìwọ̀sí ni kí n bi yín.”

Gbogbo ilé ń wò mí.

“Ẹ bi mí báyìí,” mo ní.

Ó bi mí. Mo ní ó ti gbà á. Ó ní òun fẹ́ rí káàdì.