Ọjọ́ Tí Wolé-Wolé Ṣí Ìkòkò Òjò Wa

Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n pe àbúrò mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a sin ín. Mo jókòó síwájú, mò ń dúró de ẹ̀karùn-ún. Wọn ò pè é. Ta ni ì bá pè é? Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán, ó wá ku èmi nìkan.

Ìwé Kẹrin péré ni mo kà dé, ṣùgbọ́n orúkọ kì í sọnù lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹni tó gbé agboolé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo lè pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ajá. N kò ní kọ wọ́n síbí, nítorí àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní ìlú, kálukú ló sì ní ohun tí kò fẹ́ kí a sọ nípa ìyá òun. Orúkọ ẹ̀karùn-ún yẹn nìkan ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, àti bí ó ṣe jẹ́.

Ẹ̀yìn ilé wa ni òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní Ìdànrè, omi á máa ṣàn wálẹ̀ lára àpáta fún bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí òjò ti dá. Á wá dúró sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, á di ẹrẹ̀ pupa kan báyìí, tó tutù, tó ń yọ̀. Ibẹ̀ ni àwa ọmọdé ń gbé. A ó jókòó sórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó yọ̀ láti orí àpáta bọ́ sínú ẹrẹ̀. A ó fi ẹrẹ̀ mọ kòkó, a ó sá a sórí ewé, a ó sì máa bú ara wa bí àwọn àgbà ṣe ń bú ara wọn níbi kòkó. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tò wá, wọ́n á máa da omi lé wa lórí. Kò sẹ́ni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Wolé-wolé ló bà á jẹ́, àbí kí n sọ pé àwa la fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́. Òun ni ọkùnrin ìjọba tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láti yẹ ilé wò nítorí ìmọ́tótó. Ó ń wọ ṣòkòtò káki péńpé, ìwé kan kì í sì í kúrò ní abíyá rẹ̀. Ohun tó ń wá jù ni tanwíji, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jó nínú omi kí wọ́n tó di ẹ̀fọn. Lọ́jọ́ kan ó rí wọn nínú ìkòkò ìyàwó lébírà kan tó ń gbé ilé kejì sí wa. Ọmọ obìnrin náà jókòó ti ìkòkò ọ̀hún, ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wolé-wolé nàka, ó sọ̀rọ̀ kíákíá ní èdè ìlú tirẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe obìnrin náà sí kóòtù.

Ìkòkò ni ọkùnrin yẹn nàka sí. Ìyá mi tó ń wò láti ẹ̀bá ilé wa, ọmọ ló rò pé ó nàka sí. Kó tó di alẹ́, ó ti dọ̀rọ̀ láàárín àwọn obìnrin pé ìjọba ti ń mú ìyá ọmọ tó bá dọ̀tí. Kò sẹ́ni tó bi obìnrin náà léèrè. Ojú ń tì í, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, wọ́n há wa mọ́lé. Àwa tó gbọ́n díẹ̀ ń yọ́ jáde. Àbúrò mi ni kò rọ́nà. Ó ti lé lọ́mọ ọdún méjì, kò sì tíì dìde dúró rí. Ibà líle kan ti ṣe é kí ó tó pé ọdún kan, láti ìgbà náà rírá ló ń rá. Àwọn tí a bí tẹ̀ lé e ti ń rìn, wọ́n ti ń bá ìyá wọn gbé igbá. Orí ẹní ni ìyá mi ń gbé e sí nínú yàrá, pẹ̀lú páúdà lọ́rùn. Bí ó bá rá dé ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ mi ni láti fà á lẹ́sẹ̀ padà. Àwọn obìnrin agboolé sọ ọ́ dẹ̀rín, wọ́n á kí ìyá mi pé ẹyin rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò tíì fọ́. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín sí wọn. Tó bá wọ yàrá, á máa fi epo ra orúnkún ọmọ náà.

Ìyá bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa. Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń sọ pé ìdí ni àwọn fi kọ́ bí a ṣe ń rìn lórí gbogbo àpáta tó wà lókè yẹn. Ní èdè wa ló ń bá ìyá mi sọ ọ́, èmi ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ìwé:

"Ìyàwó, gbé ọmọ yìí sílẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ wá nǹkan tẹ̀."

"Ìyá, tí wọ́n bá mú mi lọ kóòtù ńkọ́?"

Ìyá àgbà náà gbà pé òótọ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, wọ́n ní a ti rí kẹ̀kẹ́ wolé-wolé ní Aládé tí kò jìnnà sí wa. Ìyá mi da gbogbo omi ilé nù. Ó fi kànìnkànìn fọ ìkòkò ńlá tó ń gba omi òjò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, ó dé e. Ó wẹ àbúrò mi, ó kun ún ní páúdà, ó gbé e sórí ẹní, ó ru ìdọ̀tí lọ sí ààtàn.

Bí ó ṣe yí ẹ̀yìn padà, ìyá àgbà gbé ọmọ. Ó ní tí wọ́n bá bi mí, kí n ní n kò rí nǹkan kan. Ó gbé e sínú ẹrẹ̀.

Àbúrò mi kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni tí ilá yọ̀ lé lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́, ó wo ẹrẹ̀. Ó wá gbá a. Ó ta sí ìyá àgbà lójú, ìyá àgbà sì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jókòó sílẹ̀. Àbúrò mi rá lọ síbẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń fa ara rẹ̀ sókè, ó ń ṣubú, ó ń tún un ṣe. N kò tíì rí i kí ó gbìyànjú bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ la wà tí aago kẹ̀kẹ́ fi dún níwájú ilé. Ìyá mi gba ọ̀nà ẹ̀yìn sáré dé, agbọ̀n òfìfo lọ́wọ́. Wolé-wolé ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí bí ìyá mi ṣe lè gbé ọmọ kọjá sí yàrá. Ó ṣí ìkòkò òjò, ó sọ ọmọ sínú rẹ̀, ó dé e padà, ó dúró síwájú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti kún bùbá rẹ̀.

Wolé-wolé kí wa. Ó wo ilé ìdáná, ó wo ṣáláńgá, ó yìn wá. Ó wá béèrè ìkòkò. Ìyá mi ní òfìfo ni. Ọkùnrin náà ní bó bá jẹ́ òfìfo, kò burú kí òun wò ó. Ìyá mi ní ìdérí rẹ̀ wúwo. Nǹkan kan bú sẹ́rìn-ín nínú ìkòkò. Ọkùnrin náà nawọ́ kọjá ìyá mi, ó ṣí i.

"Ìyá," ó wí, "tanwíji tiyín yìí mà tóbi."

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ń wẹ̀ ẹ́ o, kí ó wá wo páúdà nílé, kò tún ní fọwọ́ kan ẹrẹ̀ mọ́ láé. Ọkùnrin náà ní kí ó tún un sọ, kò yé òun. Nígbà tó wá yé e, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé mò ń mú èèyàn nítorí ọmọ tó ń ṣeré? Omi ni mò ń yẹ̀ wò. Ẹ dìde, ẹ gbé ọmọ yín."

Ìyá mi dìde, ó yíjú sí ìkòkò, kò sì gbé e. Àbúrò mi dúró nínú ìkòkò. Ó di etí ìkòkò mú lọ́tùn-ún lósì, orí rẹ̀ yọ sókè, ó ń wo wolé-wolé. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìkòkò láti rí i pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni ọmọ òun fi dúró. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, wolé-wolé sì rò pé òun tún ti ṣẹ̀ ẹ́.

Títí tí àwọn méjèèjì fi kú, ìyá mi ní ìkòkò ló gbé e ró, ìyá àgbà ní ẹrẹ̀ ni. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná láràárọ̀. Kí òjò ọdún náà tó tán, ó ti ń rìn, a sì ti ń pè é ní Tanwíji. Ó dàgbà, ó ta aṣọ, ó bímọ, wọ́n ń pè é ní Màmá. Èmi ló kù tí mo ń pe Tanwíji lórí fóònù pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Lọ́jọ́ ìsìnkú, òkìtì yanrìn tí wọ́n fẹ́ fi po sìmẹ́ńtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Àwọn ọmọ-ọmọ àbúrò mi ti gùn ún. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń fà wọ́n wálẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ wo aṣọ funfun." Mo ní aṣọ á mọ́, kó fi wọ́n sílẹ̀.

Èyí tó kéré jù wà lórí òkìtì náà, imú rẹ̀ kún fún yanrìn. Mo pè é ní Tanwíji. Kò mọ ohun tí mo wí. Ó wo ojú mi, ó bu yanrìn sí mi lọ́wọ́, ó tún bù sí i. Nígbà tí ó kàn mí láti da erùpẹ̀ sórí pósí, n kò bẹ̀rẹ̀ bù ú mọ́. Yanrìn yẹn ni mo dà.