Ènì Tí Mo Bù Sínú Ife Ọkọ Mi

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí i pé ẹsẹ̀ ọkọ mi wú. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mo sì ti pinnu pé mi ò ní parọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ Jímọ́ ni, nínú ààwẹ̀ Ramadan, ọ̀sán ti ń pọ́n. Bàbá Nímọ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé wa ní Jahi, Abuja, ó ń ṣe àlùwàlá kó tó lọ kírun. Mo wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kún. Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn tẹ́lẹ̀ ti yọ padà. Mo ní lọ́kàn mi pé páúdà ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó fọwọ́ ra ẹsẹ̀ òsì tán ni mo rí i pé ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ kò padà sókè. Ó jìn síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Òun náà rí i. Ó ní, "Ìyá Nímọ̀, kí lèyí?" Mo ní kò sí nǹkan kan, pé ara ló ń bọ̀ sípò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí páúdà ṣe dé ilé wa. Iṣẹ́ táìsì ni ọkọ mi ń ṣe. Òun ló ń lẹ táìsì sílẹ̀ àti sára ògiri àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ kiri Jahi nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ìdajì oko, ìdajì ilé tí wọn ò tíì parí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì. Èmi ń ta ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí lọ́jà. Láti ọdún tó ṣáájú ló ti ń rù. Oúnjẹ kì í wù ú jẹ, ó ní ẹnu òun ń korò, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ kí oòrùn tó gòkè. A ní iṣẹ́ ni. A ní ooru Abuja ni. Nígbà tá a lọ sílé fún Iléyá, ìyá ọkọ mi di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn lójú gbogbo ẹbí, ó wá kọjú sí mi: "Ìyàwó, ṣé ẹ̀ ń jẹun lọ́hùn-ún ṣá?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe. Èmi ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Èmi tí mò ń ta oúnjẹ, ọkọ mi rí bí igi pákò! Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́kàn mi pé ká tó tún fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá Nímọ̀ á ti sanra.

Àlàájà tó ń ta ìpara ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi ló gbé ike náà wá. Ike dúdú ni, ó tóbi bí ike ọ̀dà, àwòrán òyìnbó kan tí apá rẹ̀ tó itan màlúù wà lára rẹ̀. Mi ò rí nọ́ńbà ìjọba kankan lára rẹ̀, mi ò sì wá a. Àlàájà ní, "Wàláì, Ìyá Nímọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Àwọn ṣọ́jà ń mu ún. Kai, ìyá ọkọ ẹ ò ní dá ọmọ ẹ̀ mọ̀ mọ́." Ó tún ní kì í jẹ́ kí ebi pa aláàwẹ̀. Purotéènì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní amúaradàgbà, irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà. Ẹ ò rí ayé mi bí? Èmi tó ń ta ẹ̀wà lọ ra ohun tó wà nínú ẹ̀wà nínú ike.

Ṣíbí kékeré kan wà nínú ike náà. Ṣíbí kan lójúmọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ta oúnjẹ lọ́jà rí mọ̀ pé a kì í wọn nǹkan kó tẹ́jú. Bí mo bá wọn múdù ẹ̀wà kan, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ga ní ṣóńṣó, lẹ́yìn náà ni màá bu ènì lé e. Oníbàárà tí o kò fún ní ènì, ìsọ̀ ẹlòmíì ló ń lọ. Ọwọ́ tí mo fi ń tajà náà ni mo fi ń bu páúdà. Ṣíbí kan tó ga, pẹ̀lú ènì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ènì di méjì. Ọkọ mi ni, ta ni mo fẹ́ ṣahun sí? Inú kókò sààrì, bí àwọn ará Abuja ṣe ń pe ògì, ni mò ń pò ó sí. Ó mọ̀ pé mò ń fi páúdà sí i, ṣùgbọ́n ṣíbí kan ni mo sọ fún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ́ yẹn, nǹkan yí bìrí. Ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ó sì ń dín kù. Ara ń yún un. Ó ń bì lẹ́yìn ìṣínu. Ó tún ń lo oògùn ìrora nítorí orúnkún tó fi ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, méjì lóru, nígbà míì mẹ́rin. Síbẹ̀ ó gbààwẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́ nínú oòrùn láìmu omi. Lọ́jọ́ kan àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e wálé. Oníkẹ́míìsì àdúgbò ní ibà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù ni, ó gbé omi sí i lápá. Ara tó ti wú, a tún ń da omi sí i! Ọjọ́ márùn-ún la fi ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà kò lè sùn sílẹ̀ gbọọrọ mọ́, nítorí bó bá sùn sílẹ̀, kò ní lè mí.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní apá Gwagwalada. Orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí, ó fi orí lé èjìká mi, èémí rẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀. Mi ò mọ̀ pé àmì àìsàn nìyẹn, ojú ń tì mí nítorí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n wò ó lójú, ó sì tún un wọ̀n. Ó sáré lọ pe dókítà.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, ọmọ Èkìtì, ó sì fara balẹ̀ là á yé mi. Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́run fi sí wa lẹ́yìn, wọ́n rí bí hóró ẹ̀wà ńlá. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí a ṣe ń sẹ́ ògì, kí eèrí bá ìtọ̀ jáde. Eèrí tó ń wá láti inú amúaradàgbà ni wọ́n ń pè ní yúríà. Bí asẹ́ bá ti ya, tí o sì ń da ẹrù lé e, inú ẹ̀jẹ̀ ni eèrí yóò máa dúró sí, yóò máa pa èèyàn láti inú. Asẹ́ ọkọ mi ti ya. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ní ló fà á ya díẹ̀díẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Màmá, ṣé nǹkan kan wà tó ń lò? Àgbo? Páúdà?" Ọkọ mi ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní páúdà ni, ṣíbí kan péré, ó sì ti fi í sílẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà sí i lọ́rùn, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ibì kan jáde, ó ń gba ibòmíì wọlé, wákàtí mẹ́rin gbáko, ó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa. Nígbà tí ẹ̀rọ fa omi kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rí ohun tó wà lábẹ́ wíwú náà. Ọkọ mi ti tán. Egungun èjìká rẹ̀ yọ síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn ju ti Iléyá lọ. Gbogbo sísanra tí mo yọ̀ sí, omi ni. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù, mo fi ìborùn dí ẹnu, mo sunkún.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mi ò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi. Wọ́n ti ní kí n má fún un ní ẹran àti ẹ̀wà púpọ̀. Mo sọ fún ara mi pé páúdà kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹ̀wà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa gbẹ kú lójú mi. Mo padà sí Jahi, mo di páúdà sínú ọ̀rá, mo sì ń pò ó sínú kókò tí mò ń gbé fún un lọ́sàn-án, ní wọ́ọ̀dù, níṣojú àwọn nọ́ọ̀sì. Mo sì tún ń bu ènì.

Wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí, lọ́la yúríà á ti ga padà. Ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń pe Nímọ̀ ọmọ wa ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ó yára ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò yé àwọn, kí n pe àwọn ẹbí pé kí wọ́n máa bọ̀. Mo mọ ohun tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Mo di fóònù mú, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Mo ń rò ó pé bí ọkùnrin yìí bá kú, èmi ni mo pa á, wọ́n á sì máa bá mi kẹ́dùn, wọ́n á máa pè mí ní aya rere. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, mo yọ ọ̀rá náà síta, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Dókítà kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Ó gba ọ̀rá náà, ó wá ní, "Màmá, àìsàn yẹn ti wà níbẹ̀ kí páúdà yín tó dé. Rírù tó ń rù, àìsàn yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbé ẹrù lé asẹ́ tó ti ya." Mo ní ṣé ẹ̀yin lẹ ó sọ fún ọkọ mi? Ó ní rárá, èmi ni.

Nígbà tí orí rẹ̀ ti pé díẹ̀, mo sọ fún un. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí, ó yí ojú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Òṣogbo, ló ń fún un lóúnjẹ, èmi jókòó sórí ẹní lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bí àlejò. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́? Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí n gbé òun jókòó. Ó ní, "Ìwọ lo gbé mi dé ibí. Ìwọ náà lo máa gbé mi lọ sílé." Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ìbáwí ni àbí ìdáríjì.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé páúdà náà dára àbí kò dára. Ohun tí dókítà sọ fún mi ni mò ń sọ fún wọn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, tó sì ń jẹun kánú, páúdà kì í sábà pa á, ṣùgbọ́n ẹyin àti ẹ̀wà lè ṣe iṣẹ́ kan náà fún un. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí kò sì mọ̀, lè ti ọwọ́ rẹ̀ kú. Ta ló sì ń mọ̀? Ẹ̀yìn ò dun ọkọ mi lọ́jọ́ kan rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń rù láìnídìí, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kó má lọ ra ara nínú ike. Ohun tí ò bá sì ní nọ́ńbà ìjọba lára, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́: ohun tí mo fi ìfẹ́ ṣe ló jù.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la lò níbẹ̀ kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Nọ́ọ̀sì ará Òṣogbo yẹn ló gbé ìgò ìtọ̀ sókè hàn mí, ó kún dé ìdajì, àwa méjèèjì bú sẹ́kún. Wọ́n yọ rọ́bà ọrùn rẹ̀. Kò lè kúnlẹ̀ lẹ táìsì mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ mọ́, èyí tó dùn ún ju iṣẹ́ lọ. Dókítà ní èyí tó ti kú nínú kíndìnrín kì í jí, ìwọ̀nba tó kù la ó máa ṣọ́, pé ọjọ́ kan lè dé tí ẹ̀rọ yóò tún pè é. Mò ń bẹ̀rù ọjọ́ yẹn. Mo máa ń bá ẹ̀rù náà jí, mo máa ń bá a lọ sọ́jà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ tó máa gbé e kúrò.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè dúpẹ́ fún ìtọ̀. Ní àsùbáà, bí ọkọ mi bá dìde lọ sí ilé ìtọ̀, mo máa ń jí, màá dákẹ́ sórí ibùsùn, màá tẹ́tí. Bí mo bá ti gbọ́ ìró omi náà, tó pẹ́ díẹ̀ kó tó dá, màá ní Alihamudulilai, lábẹ́ èémí. Ó mọ̀ pé mo máa ń tẹ́tí. Kò bá mi sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n kì í ti ilẹ̀kùn.